Aṣọ Ìṣáwùrú Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ọ̀já ìpọnmọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nínú pálọ̀ wa ní Warri ni mo ti ń rán an, màá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun á sì rà á lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó yá, mo fi aṣọ ìbora kún un, àti ìrọ̀rí kéékèèké, àti aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn kí itọ́ má baà rin ín láyà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Airport Road. Ohun tó ń dùn mí ni pé aṣọ tí mo ń rà lọ́jà, gbogbo ayé ló ń rà á. Tí mo bá rán aṣọ oníràwọ̀ lónìí, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà á ti gbé irú rẹ̀ kọ́ síta lọ́la.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní màá ya àwòrán tèmi, kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Etí odò níhìn-ín ní Warri ni wọ́n bí mi sí. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi sì ń yan ẹja tà. Kí ni ẹnì kan fẹ́ sọ fún mi nípa odò? Mo ya ẹja.

Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kéré sí mi díẹ̀. Láti Èkó ni iléeṣẹ́ epo ti gbé ọkọ rẹ̀ wá. Kò tíì gbọ́ Pidgin dáadáa, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá ti rí ẹni bá a sọ Yorùbá. Èmi ni mo mú un lọ́rẹ̀ẹ́. Àǹtí ló ń pè mí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà mo ní kó bá mi gbé ẹja mi síbẹ̀, ká lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ aṣọ ní Èkó. Nígbà tó ṣe é tán, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń tijú.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Èmi náà ya nǹkan kan."

Ìṣáwùrú ló yà, èyí tí àwọn ará Warri ń pè ní periwinkle. Karawun kéékèèké, òmíràn dojú sókè, òmíràn dojú délẹ̀, àwọ̀ wọn dà bí ìsàlẹ̀ omi tó dúdú tó sì tún ṣe bí ewé. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí àwọ̀ ẹ̀kọ mímu. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ fún un ní ìṣáwùrú jẹ! Nínú ilé ìdáná mi ni mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á mu láti ìdí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣa àwọn karawun òfìfo, ó fọ̀ wọ́n, ó dì wọ́n sínú báàgì rẹ̀. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi wọ́n ṣeré.

"Ó dáa," ni mo sọ. A fi méjèèjì ránṣẹ́.

Nígbà tí aṣọ dé, ẹja mi dára lórí tábìlì. Ẹja kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi. Àfìgbà tí mo gé e. Ìrù nìkan ló bọ́ sórí aṣọ ọrùn kan, ojú nìkan ló bọ́ sórí òmíràn, ìrọ̀rí kan sì la ẹnu sílẹ̀ gbàgàdà. Oníbàárà kan gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Madam, wetin be dis? Na leaf?"

Ní ti ìṣáwùrú, ibi tó bá wù ọ́ ni kó o ti gé e, wàá rí odidi níbẹ̀. Ó tà tán. Wọ́n tún ń béèrè. "Na who draw am?" Tí ọ̀rẹ́ mi bá wà nítòsí, á ní, "Na me and my auntie." Ìyẹn gan-an ló máa ń ta mí lára jù. Tí ó bá gbéra ga ni, ǹ bá rí ìdí láti kórìíra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ń bí mi nínú, ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń bí mi nínú.

Àbúrò mi wá bímọ, ìyá mi sì wá sí ṣọ́ọ̀bù láti mú aṣọ ìbora fún ọmọ náà. Ẹja ni mo kọ́kọ́ tẹ́ síwájú wọn. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n gbé e tì, wọ́n fa ìṣáwùrú jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Èyí ni mo fẹ́. Ó jọ etí odò wa nígbà tí omi bá fà."

"Màámi, ẹja yẹn ni mo yà. Ẹja Bàbá ni."

"Mo rí i, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹja yìí tóbi ju ọmọ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀, tí karawun rẹ̀ ń gé mi látẹ́lẹsẹ̀, mi ò sì wò ó rí. Ẹni tó dé lánàá ló wò ó. Owú yẹn ni mo gbé délé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwòrán tuntun. Akàn.

"Ta ló ní kó o ya akàn?" mo bi í.

"Àǹtí, mo rò pé..."

"Odò tí ò ń yà kiri yìí, ìgbà wo lo dé ibẹ̀?"

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Nínú ilé ìdáná yín lẹ ti mú mi débẹ̀," ló sọ, ó sì lọ.

Kò wá mọ́. Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, èmi á sì fi imú dáhùn. Nílé, mo gé bébà ní ìwọ̀n aṣọ ọrùn ọmọ, mo ń ya ẹja sínú rẹ̀. Mo yà á tì, mo tún un yà, títí wọ́n fi di ẹja wẹ́wẹ́ tí odidi wọn lè gba ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rántí pé mi ò mọ kọ̀ǹpútà lò.

Mo lọ sílé rẹ̀. Mo bá páálí káàkiri pálọ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti ní kí wọ́n padà sí Èkó. Mo na bébà mi sí i. Ó jókòó sórí páálí kan, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé kí wọ́n kọjú síra wọn, Àǹtí?"

"Rárá. Kí gbogbo wọn máa lọ sápá kan."

Kò fi nǹkan kan tirẹ̀ kún àwòrán náà. Kí n tó lọ, ó fi àwòrán ìṣáwùrú àti ti akàn ránṣẹ́ sí fóònù mi. "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ," ló wí.

Ẹja mi ń tà báyìí, àmọ́ kò tíì tà tó ìṣáwùrú. Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ya ìṣáwùrú náà, mo máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n sọ. Inú mi ló ṣì ń fà sẹ́yìn díẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ló pè mí láti Èkó. Obìnrin kan níbẹ̀ tó ń rán aṣọ ọmọdé ti ní kó máa bá òun ya àwòrán. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ yà ránṣẹ́ sí fóònù mi, àwọn ẹyẹ omi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ó rẹwà. Owú sì tún dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹyẹ. Obìnrin tí yóò máa jókòó tì í ni mo ń jowú.

"Ṣé ó mọ aṣọ gé?" mo bi í.

"Ó mọ̀ ọ́n gé, Àǹtí. Kì í sì í bá mi jà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó bá mi kí i, ṣùgbọ́n mi ò béèrè orúkọ rẹ̀.