Etí Adájọ́ Àdàbà

Ní ìlú Kota Bharu, kò sí ẹni tó ń sin àdàbà olóhùn tí kò mọ Pok Deraman. Pok ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, Mok ni ti obìnrin. Òun ni adájọ́ ìdíje igbe ẹyẹ wọn. Ní àárọ̀ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti fa àgò àwọn ẹyẹ sókè orí òpó, tí gbogbo wọn sì ń ké pọ̀, Deraman á dúró nísàlẹ̀, á máa ṣa ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àwọn tí ẹyẹ wọn bá fìdí rẹmi a máa ní etí rẹ̀ ti di.

Ọjọ́ tí gìrì gbé e ṣubú nílé, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n sì rí kókó kan ní apá ọ̀tún ọpọlọ. Dókítà Zamri tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Pok, a ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Bá a ṣe ń gé e, ẹ̀yin náà á máa bá wa ṣiṣẹ́. Àwọn okùn kan wà tó so apá ọpọlọ kan mọ́ òmíràn. Tí mo bá já èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ohùn kan láàárín ariwo, kò sẹ́ni tó lè tún un so."

Kelesom ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà kí ọkọ tó lanu. "Dókítà, ẹ yọ gbogbo ẹ̀. Ta ló kú rí torí pé kò gbọ́ igbe ẹyẹ?"

"Kì í ṣe ẹyẹ nìkan, Mok. Okùn yẹn náà ni Pok fi ń gbọ́ ohùn yín láàárín ọjà."

"Èyí tí kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Deraman rẹ́rìn-ín. "Dókítà, tẹ́ ẹ bá ti débi okùn yẹn, ẹ fi kókó tó bá kù sílẹ̀."

Kelesom gbé àpò rẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí awọ orí mọ ìrora, wọ́n sì ṣí agbárí. Wọ́n fi igbe ọ̀pọ̀ àdàbà sí i létí. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó máa tẹ̀ lé, kó máa gbé ìka sókè bó bá ti ké. Dókítà á kọ́kọ́ fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná mànàmáná díẹ̀ kan ibi tó fẹ́ gé, kó lè dán an wò. Bí ìka ò bá ṣìnà, á gé e. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìka náà fi kọ̀ tí kò dìde mọ́.

"Pok, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ gbogbo wọn. Èyí tí mò ń tẹ̀ lé... mi ò mọ èwo ni mọ́."

Dókítà gbé ọ̀pá kúrò, ẹyẹ náà padà dé. Ó tún kàn án, ẹyẹ tún sọnù. Kókó tó kù níbẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó gbé abẹ sílẹ̀.

Kelesom dìde lórí bẹ́ǹṣì níta nígbà tí Dókítà jáde wá sọ fún un. "Ẹ rí i, ẹ sì fi í sílẹ̀? Ẹ padà wọlé, Dókítà. Mo bẹ̀ yín."

"Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe, Mok. A ó máa ya àwòrán ẹ̀. Tó bá tóbi sí i, a ó tún wọlé."

"Tó bá wá pa á ńkọ́?"

Dókítà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí kún yàrá bámúbámú. Àwọn ọmọ ń jà lórí ọsàn, àwọn àgbà ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Kelesom dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì, kò wọlé. Ó ń kùn lábẹ́ ẹnu: "Olóríkunkun. Ẹyẹ ló yàn."

Deraman yí orí rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sí ọ̀nà ibẹ̀. "Mo gbọ́ o."

Kelesom la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó jókòó tì í, ó bu ẹ̀kọ sí ṣíbí, ó sì ń wo orí náà bí ẹni ń wo ìkòkò tó lè hó dànù nígbàkigbà. Ó wá bi í:

"Ìgbà wo ni wọ́n ní ká wá ya àwòrán?"