Omi Àlùwàlá Màámi àti Fọ́tò Ìyá Atukọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, bí òórùn ẹyin òbu bá gba ilé wa kan, kò sẹ́ni tó ń wá ẹyin kiri. Gbogbo ayálégbé mọ̀ pé Bàbá mi, tó jẹ́ ayafọ́tò, ló ń sọ fọ́tò dúdú-funfun di aláwọ̀ ilẹ̀ kó má baà ṣá. Igun yàrá wa tó fi páálí dí ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mama Ẹfẹ, ará yàrá kejì, a máa pariwo láti ibi ìdáná: "Baba Kúdí, ẹ tún ti dé o! Ọbẹ̀ mi ń bẹ lórí iná!"

Èmi ni mo máa ń di abọ́ mú. Bàbá á ri fọ́tò bọ kẹ́míkà àkọ́kọ́, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ á sì pòórá díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbé e sínú èkejì, èyí tó ń rùn, ojú náà á padà yọ, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. "Súbúháánáláhì," ni Bàbá máa ń wí, bí ẹni pé òun kọ́ ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan mú fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú wá. Ọkọ̀ rẹ̀ máa kúrò ní èbúté Àpápá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹyọ kan yẹn ló kù; kò sí nẹ́gátíìfù tí a lè fi tẹ òmíràn. Fọ́tò ti jáde nínú kẹ́míkà tán kí a tó rí i pé ẹ̀rọ omi ti dákẹ́. Bí a ò bá sì fi ọ̀pọ̀ omi tó mọ́ ṣan án, kẹ́míkà á jẹ ojú ìyá náà. Kànga wa sì ti gbẹ. Atukọ̀ náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

Màámi wò ó, ó wọlé, ó gbé báàfù omi òjò tó tọ́jú fún àlùwàlá Alásàrí jáde.

"Ìyá Kúdí, omi àlùwàlá nìyẹn o," Bàbá wí.

"Ìyá ọlọ́mọ ló wà nínú abọ́ yẹn. Ọlọ́run tó dá omi ló dá iyanrìn. Ẹ dà á sí i, jàre."

Iyanrìn iwájú ilé ni gbogbo wa fi ṣe tàyámọ́mù dípò àlùwàlá ká tó kírun. Fọ́tò náà mọ́ kedere. Nígbà tí atukọ̀ rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màámi lórí ilẹ̀ tútù, kò rántí pé aṣọ funfun lòun wọ̀. Mo ròyìn fún Alfa wa ní ilé-kéwú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n sọ fún màmá rẹ kó má sọ ọ́ di àṣà o."

Lónìí, àwọn ọmọ mi á fi ìka kan tẹ fóònù, fọ́tò á ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Kò rùn, kò gba omi. Mo dúpẹ́ fún ìrọ̀rùn yẹn. Ṣùgbọ́n fọ́tò wọn pọ̀ débi pé wọn kì í padà wo èyí tí wọ́n yà lánàá. Èmi ò pàdé ìyá atukọ̀ yẹn rí láyé. Síbẹ̀, bí Ọlọ́run bá fi wá sí àlùjánà, n ó dá a mọ̀ láàárín èrò, n ó sì kúnlẹ̀ kí i.