Ègbè Tí Mo Dá Gbè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á tò ó sórí pákó ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí òkìtì aṣọ náà ti wù kó ga tó, ẹ ò ní rí etí kan tó yọ ju èkejì lọ. Rédíò ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti tan áyọ́ọ̀nù ni orin bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì pa á ni orin dákẹ́. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ kiri máa ń sọ pé rédíò tàwọn kì í lo bátìrì, tíì nìkan ló ń mu.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún wọn. Ara wọn yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tó bá wọn wọlé iṣẹ́ abẹ kọ́ ló bá wọn jáde. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ lè má mọ̀. Orin ló tú àṣírí. Bí wọ́n bá bèèrè, gbogbo wa là ń sọ fún wọn pé ohùn náà ti ń padà bọ̀, díẹ̀ ló kù. Àwọn náà á mi orí. Wọn ò kọrin mọ́.

Aránṣọ ni èmi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, ìyókù, mo fọwọ́ ara mi wá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ jìtá, láti inú ògbólógbòó ìwé kan tí ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ya kúrò. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bí a ṣe ń di jìtá mú wà lára èyí tó ya, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dì í mú títí dòní bí ẹni gbé ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.

Orin tí mo kọ, ti ìyá wa ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá wa kì í sùn títí ẹni tó kẹ́yìn nínú wa á fi wọlé. Bí èmi àti Ẹ̀gbọ́n bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á bèèrè láti inú pé ta nìyẹn. A ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwa ni. Wọn kì í bèèrè orúkọ. Ohun tí mo sọ dorin nìyẹn:

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn mi o?
Àwa ni, àwa méjì.
Ṣé ara yín dá, ṣé ẹsẹ̀ yín gbẹ?
Àwa ni, àwa méjì.

Ẹsẹ mẹ́ta ni. Oṣù méjì ni mo fi tò ó sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí, nítorí èmi kì í kánjú. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ nínú ilé, kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọmọ ìyá wa tó wà lọ́nà jíjìn. Èmi ni màá dá a. Ta ni yóò wá gbè é bí kì í bá ṣe Ẹ̀gbọ́n? Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé àwọn ò ní ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní ó dá mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo fi aṣọ kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé yàrá ìránṣọ mi. Mo tẹ́ kúbùsù sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà dún, mo yọ fìríìjì kúrò lára iná, mo gbé fóònù ka orí ìdì aṣọ. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: jìtá lọ́tọ̀, ẹni tó ń dá orin lọ́tọ̀, ègbè lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun kan tí wọ́n ti lọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé ránṣọ, wọ́n di ojú, wọ́n gbè é. Nísàlẹ̀, ohùn wọn dúró. Nígbà tó dé ibi tó ti gòkè, ó já, bí òwú ṣe ń já lójú abẹ́rẹ́. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ibi kan náà ló ń já sí. Wọ́n la ojú, wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe rí.

Mo ní, “Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Bí wọ́n ti lọ, mo jókòó ti ohun tí a gbà sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ẹ mọ̀ pé bí ojú rírán bá wọ́, aránṣọ tó mọ iṣẹ́ á tú u ni. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo tún fóònù tàn, mo gbè é fúnra mi. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ díẹ̀ kó lè jọ tiwọn, kò sì ṣòro, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Àwa méjì ni mo ń wí, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Nígbà tó dùn mọ́ mi, mo pa tiwọn rẹ́ pátápátá, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ tèmi. Mo ní kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, títí kan Ẹ̀gbọ́n. Kò pé wákàtí kan tí Ẹ̀gbọ́n fi pè mí. Wọn ò dúró gba ìkíni.

“Ohùn mi ti padà,” ni wọ́n wí. “Mo ti ń rò pé ẹ kàn ń tù mí nínú ni. Ṣé o gbọ́ ibi tó ti gòkè yẹn?”

Mo ní mo gbọ́ ọ.

Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé bó ṣe ń dún nìyẹn, pé inú orí ẹni ni ohùn ẹni ti máa ń burú. Wọ́n wá sọ fún mi pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ará ibiṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe ìdágbére fún wọn, nítorí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì pé àwọn yóò kọ orin náà. Àwọn gan-an ni yóò dá a, lójú gbogbo èèyàn.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó wá ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ẹ fẹ́ kí Màámi Àgbà wọ ohùn yín jáde lọ́jọ́ Ẹtì?”

Ọjọ́ Ajé kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Mo gbọ́ pé Ẹ̀gbọ́n ti gbé orin náà fún gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́rú kọjá. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ mi, mo lọ bá wọn níbi iṣẹ́.

Aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń ká. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, wọ́n sì na etí kan sí mi. Mo dì í mú. A fà á, a ṣẹ́ ẹ po.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn tó wà nínú orin yẹn, kì í ṣe tiyín.”

Ọwọ́ wọn kò dúró. “Èwo?”

“Ègbè. Èmi ni mo gbè é. Mo yọ tiyín kúrò.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Wọ́n rìn wá bá mi, wọ́n gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé orí òkìtì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n tan tiwọn lórí fóònù kí àwọn gbọ́. Mo ní kò sí mọ́, pé mo ti pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni ojú wọn yí padà.

“O pa á rẹ́,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá ní, “Ó dáa. Báwo ló ṣe rí? Má purọ́ fún mi mọ́.”

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní nísàlẹ̀ ó dúró, ó tilẹ̀ dùn. Mo ní bó bá ń gòkè, atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀, á là sí méjì, nígbà mìíràn kò sì sí ohun tó ń jáde rárá. Wọ́n tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ èsì àyẹ̀wò.

“Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo yín,” ni wọ́n wí.

Wọ́n mú aṣọ mìíràn. Wọn ò na etí rẹ̀ sí mi. Wọ́n fi àgbọ̀n di àárín rẹ̀ mú, wọ́n dá a ká.

Mo lọ lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí bí mi ò bá lọ, ìyẹn burú jù. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀bùn, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wá ní ó ku orin. Ẹ̀gbọ́n dìde. Wọn ò gbé ohùn sókè.

“Orin tí mo ti ń fi yangàn fún yín láti ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ohùn mi ló wà níbẹ̀. Ohùn tèmi ti lọ. Àbúrò mi ló dá a, òun náà ló gbè é. Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn.”

Gbogbo orí yí sí mi. Mo dúró de ohun tó tọ́ sí mi. Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ní ẹni tó fi ẹnu kan ṣe èèyàn méjì, àga méjì ló yẹ kí wọ́n gbé fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú wá kọ ọ́. Mo mi orí. Mi ò lè gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo èèyàn tó lẹ́bùn tó tún nírẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè díẹ̀, ojú Ẹ̀gbọ́n ni mo bá pàdé. Ẹ̀gbọ́n náà ń pàtẹ́wọ́, jẹ́jẹ́, wọn ò sì gbé ojú kúrò lára mi títí àtẹ́wọ́ yòókù fi tán.