Aṣọ Gbígbẹ fún Èrò Bàálù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìpakodò, tí mò ń ru ẹja yíyan tẹ̀ lé ìyá mi kiri, bí ẹ bá sọ fún wa pé wọ́n já bàálù gbà, ẹ̀rín la máa rín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má wò mí báyẹn, òótọ́ ni mò ń sọ!

Olè orí ọ̀sà la mọ̀. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ ojú omi dúró, wọ́n á lé gbogbo èrò bọ́ sómi létí bèbè, wọ́n á gbé ọkọ̀ àti ẹrù sá lọ. Èrò á wá fẹsẹ̀ rìn wálé nínú aṣọ tútù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá pẹ́, ìyàwó a máa gbé aṣọ gbígbẹ lọ dúró de ọkọ rẹ̀ ní èbúté.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, rédíò pariwo pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti já bàálù gbà lókè. Ọkọ obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wà nínú rẹ̀! Òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ bàálù ládùúgbò wa, ó sì ti fi yangàn títí etí wa fi kún. Ẹ ò bá rí ariwo! Àwa ọmọdé sáré wọnú ọkọ̀ ojú omi kan tó ti bàjẹ́ létí omi. Èmi ni olórí olè, mo na omorógùn ìyá mi sókè: "Ẹ gbé wa lọ sí Ẹ̀pẹ́, àbí kí n da gbogbo yín sómi!"

Àwọn àgbà náà ò sàn jù wá lọ. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Wọ́n á sọ̀ wọ́n kalẹ̀, wọ́n á gbé bàálù lọ. Ọkọ ẹ á kàn rìn díẹ̀ ni."

"Láti ojú ọ̀run, bàbá?" ni obìnrin náà bi í.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ká bùbá àti ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró sí èbúté. Ẹ jọ̀ọ́, bàálù wo ló ń gúnlẹ̀ sí Ìpakodò? Ṣùgbọ́n kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń pàdé ẹni tí olè já ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Ọjọ́ méjì ló fi ń lọ tó ń bọ̀, ẹja rẹ̀ jóná lórí ààrò. Èmi ẹlẹ́nu mímú sì ń tẹ̀ lé e: "Àǹtí, ẹ wo òkè o, ẹ má wo omi!"

Lọ́jọ́ kẹta, takisí gbé ọkọ dé, aṣọ ọrùn rẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ! Ó ní àwọn tó já wọn gbà fún wọn lómi mu, wọ́n ní ìjọba làwọn ń bá jà, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Ó di Bàbá Oníbàálù! Àwọn kan tilẹ̀ ń jowú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló jókòó sílẹ̀, aṣọ gbígbẹ lórí itan, tó ń sunkún.

Lónìí ńkọ́? Látìgbà tí ayé ti rí i pé ẹni tó já bàálù gbà lè má fẹ́ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ láàyè, ẹ̀rín tán. Lọ́dún tó kọjá, mo sin ọmọ mi obìnrin dé pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ń tú ẹja yíyan tí mo dì fún un wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹja ló fẹ́ wa bàálù. Ẹnu mi ò gbà mí: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹja yíyan ló máa já ọkọ̀ yín gbà ni?" Ọmọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Màmá, ẹ má dárúkọ nǹkan yẹn níbí!"

Lọ́jọ́ tó ń padà bọ̀, bàálù rẹ̀ pẹ́. Mo dúró, mo dúró, mo ń wo òkè. Nígbà ọ̀hún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù láàárín gbogbo àwa tó ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, gbogbo wa la ti di ìyàwó yẹn. Ọmọ mi jáde, eyín rẹ̀ funfun, ó ní, "Màmá, kí lẹ há sábẹ́ apá yẹn?"

Mo ní kò kàn án. Ìró àti bùbá ni, gbígbẹ.