Ọjọ́ Tí A Bi Ẹ̀rọ Léèrè Ọjà Òjé

Òórùn aṣọ òkè tuntun ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi nímú bí mo bá ti ronú kan ṣọ́ọ̀bù wa l'Òjé. Ọkọ wa ló gbà á fún àwa ìyàwó rẹ̀ méjèèjì. Èmi ìyálé wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú sányán àti àlàárì. Ìyàwó wà lápá òsì pẹ̀lú aṣọ olówùú dídán tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dù. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé mẹ́fà péré ni ìyàwó kà. Síbẹ̀, bí ọkọ wa bá dé sílé ní Bẹyẹrúnkà, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ló ti máa ń bọ́ bàtà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, onílé ní òun fẹ́ gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà padà. Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ palẹ̀ mọ́. Ọmọ tí mo fi inú ara mi bí ló máa ń kọ aṣọ tí a bá tà sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè bi léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bi èèyàn, pé ohun tó bá sọ nípa ẹni tó yẹ kó kúrò lòun máa tẹ̀ lé.

Inú mi dùn. Ta ló mọ ìbéèrè í bi ju olùkọ́ lọ? Mo wọ awò ojú mi, mo tẹ̀ ẹ́ pé: “Ṣé ọjà ìyàwó kò lọ sílẹ̀ lóṣù yìí ju ti oṣù tó kọjá lọ?” Ẹ̀rọ ní ó lọ sílẹ̀, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. N kò bi í léèrè tèmi. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí ni mo kọ́ ọmọléèwé rẹpẹtẹ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni!

Ìyàwó kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi í.” Ó yíjú sí ọmọ mi pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. “Ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé Òjé kì í ná lóṣooṣù. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ná lóṣù tó kọjá; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ná lóṣù yìí.” Ó wá ka ọjọ́ ọjà mẹ́fà tó kọjá lórí ìka. “Ó yá, ẹ bi í: láti ọjà kan sí èkejì, ọjà ta ló ń gòkè, ta ni tiẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ni àbí ìyálé mi?”

Ẹ̀rọ dáhùn. Tirẹ̀ kò yẹsẹ̀ rárá. Tèmi ni kò yé sọ̀ kalẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” ọmọ mi ní, “ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi í ni.”

Ìyàwó rọra wò mí. “Rárá o, ọkọ mi. Ẹ̀rọ ni kò mọ Òjé. Màmá yín mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé ṣe ni ìyàwó ń yìn mí, ó sì pa kọ̀ǹpútà.

Fóònù ni wọ́n ń tà báyìí níbi tí sányán mi wà. Lọ́jọ́ ọjà, ìyàwó a máa gbé àga fún mi lápá tirẹ̀, mo sì máa ń jókòó, nítorí ilé dá páropáro. Àwọn ará àdúgbò ní ogbó ni kò jẹ́ kí n mọ ẹ̀rọ í bi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń ná Òjé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ṣé n kò mọ iye ìgbà tí ọjà ná lóṣù náà ni? Òun nìkan ló mọ̀ pé mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni n kò lè dárí rẹ̀ jì í.