Ítálì Ni Mò Ń Lọ, Kì í Ṣe London

London ni Aunty mi sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mò ń lọ. Irọ́ ni. Ítálì ni mò ń lọ.

Èdè Ítálì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Atlanta níbí. Wọ́n ní kí n lọ lo sáà kan lọ́hùn-ún, kí n máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan bí ọmọ ilé. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Kí ọmọbìnrin Nàìjíríà ṣáà ti dárúkọ Ítálì, aṣẹ́wó ló ń lọ ṣe nìyẹn. Aunty mi, àbúrò bàbá mi tó mú mi wá sí Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì ni ní Decatur, olórí àwọn ìyá sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹ̀ ní Ellenwood ni mò ń gbé.

Ó ní, "Mi ò ní kó o má lọ. Ṣáà sọ pé London. Tó o bá dójú tì mí, má padà sílé mi."

"Aunty, kí ni mo ṣe tí mo fi máa sá pamọ́?"

"Ṣé èmi lò ń bi?" Ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ sí shift.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò mi, pásítọ̀ ní kí ọmọ wa tó ń lọ sí London bọ́ síwájú fún àdúrà. Ó na máìkì sí mi. Mo bojú wẹ̀yìn, Aunty ń fojú bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gba àdúrà London yẹn, mo ti gbà nìyẹn pé ohun tí wọ́n ń rò nípa mi, òótọ́ ni. Láéláé!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ítálì ni. Ìwé ni mò ń lọ kà, ilé tọkọtaya kan ni màá máa gbé. Ẹ bá mi gbàdúrà Ítálì."

Ẹnì kan wúkọ́. Àdúrà tí pásítọ̀ wá gbà, ẹ̀jẹ̀ Jésù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Aunty wa mọ́tò délé. Mo ti ń ro ibi tí màá kó ẹrù mi lọ. Ó jókòó sí ilé ìdáná, gèlè ṣì wà lórí ẹ̀, ó ní, "Pe obìnrin yẹn."

"Obìnrin wo, mà?"

"Èyí tó fẹ́ gba ọmọ mi sílé. Àbí wọ́n ń fa ọmọ léèyàn lọ́wọ́ láì rójú ẹ̀ ni?"

Mo pè é lórí fídíò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Kí n tó túmọ̀ ohunkóhun, Aunty mi, tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù, dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù. "Mo fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ sáyà, ó bi mí kí ló yẹ kóun ṣe. Mo ní kó ṣáà gbà mí.

Ó sì gbà mí nígbà tí mo dé Ítálì. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò ẹ̀ kan dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, tó ní irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe lálẹ́, mo fún un lésì tó tọ́ sí i. Ìyá tó gbà mí sílé náà jáde, ó fi ariwo bò ó títí gbogbo ilẹ̀kùn fi ṣí.

Nígbà tí mo padà dé, ilé Aunty náà ni mo wọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mummy kan láti ṣọ́ọ̀ṣì bá wa níbi tá a gbé mọ́tò sí. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣàánú wa, tó fẹ́ bá wa bo àṣírí Ítálì: "Ọmọ wa, báwo ni London?"

Mo lanu. Aunty ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

"London wo? Ítálì lọmọ mi lọ. Ó níyàá níbẹ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́."