Ajá Bàbá Dàwódù

Ẹni tó bá tún fi Bàbá Dàwódù, ọlọ́dẹ iléeṣẹ́ ọ̀rá wa n'Ílúpéjú, ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sunkún ajá, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á. Látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, ajá yẹn nìkan ló ń bá wọn gbé.

Lọ́jọ́ tí ajá náà ń rọbí, Bàbá lé gbogbo wa sẹ́yìn. Wọ́n ní téèyàn bá wo ajá tó ń bímọ, ajá náà á pa àwọn ọmọ ẹ̀ jẹ. Àárọ̀ dọ̀sán, ọmọ kan ò jáde. Ajá wọ́ra wá, ó gbórí lé ẹsẹ̀ Bàbá. Bàbá dijú.

Ìrọ̀lẹ́ la tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko l'Ọ́gbà. Ó ti kú.

Dókítà ní, "Tó bá ń rọbí títí tọ́mọ ò jáde, ńṣe ló yẹ kẹ́ ẹ sáré gbé e wá, Bàbá."

Bàbá ní, "Ó wá bá mi. Mo dijú."